Lékeléke àti Òkété

Nínú gbogbo ẹ̀dá tí ń bẹ ní àyíká wa ní ìlú Ìbàdàn, agbára káká ni a fi lè rí méjì tí ìwà wọn jìnnà sí ara wọn tó ti lékeléke àti ti òkété. Ọ̀kan funfun báláú bí òwú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èkejì rí rẹ́súrẹ́sú bí eérú tí òjò pa. Ọ̀kan ń jẹun ní ọ̀sán gangan lójú gbogbo ayé; èkejì kì í jáde àfi bí ilẹ̀ bá ṣú. Ọ̀kan ń sùn lórí igi, èkejì ń sùn nínú ilẹ̀. Bí ọmọdé bá rí ọ̀kan, orin ni yóò fi pè é, yóò sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí ẹyẹ náà lè fún un ní èékánná funfun. Bí ó bá rí èkejì, igi ni yóò mú.

Èrò tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni pé ojúrere tí a ń ṣe fún àwọn méjèèjì yìí kò bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn mu. Kì í ṣe pé mo kórìíra lékeléke. Ta ni yóò kórìíra rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí Ìbàdàn ti ń gbilẹ̀ sí i lójoojúmọ́, tí ilé ń lé igbó sẹ́yìn láti Bódìjà dé Àjíbọ́dẹ, àti láti Ring Road dé ẹ̀yìn Challenge, ó di dandan kí á mọ èyí tí ó ń fẹ́ àánú wa jù nínú àwọn ẹ̀dá tí a bá lórí ilẹ̀ náà. Ní tèmi, òkété ni.

Ẹlòmíràn lè wí pé kò bójú mu láti fi ẹyẹ wé eku. Mo gbà pé wọn kì í ṣe ìbátan ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọ̀ràn a máa mú kí ènìyàn gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lé orí ìwọ̀n, kì í sì í ṣe eré. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tasmania, erékùṣù ńlá kan tí ó wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Australia. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tasmanian devil. Ó tó ajá kékeré, ẹnu rẹ̀ sì le púpọ̀. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn ẹranko alápò, èyíinì ni àwọn ẹranko tí ń gbé ọmọ wọn sínú àpò ara ikùn títí ọmọ náà yóò fi gbó, gẹ́gẹ́ bí kangaroo ti ń ṣe. Àrùn jẹjẹrẹ kan tí ń mú wọn ní ojú bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní ìpa run. Nítorí náà, láti ọdún 2012, ìjọba ibẹ̀ ṣa 28 nínú àwọn tí ara wọn le, wọ́n kó wọn lọ sí erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Maria, kí ìran wọn má baà parẹ́. Ète náà dára. Ṣùgbọ́n ẹyẹ òkun kan ti wà ní Maria ṣáájú wọn. Penguin kékeré ni, ẹyẹ tí kò lè fò, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí. Nígbà kan, nǹkan bí 3,000 tọkọtaya penguin ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ kéde pé kò ku ẹyọ kan. Àwọn ará Tasmania ti fi ẹyẹ òkun wé ẹranko alápò, wọ́n sì ti san owó ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí èmi rí mú nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ẹranko náà ni ó tu ọkọ̀ dé Maria. Ènìyàn ni ó gbé e lọ.

Àwa kò ní penguin ní Ìbàdàn, a kò sì ní ẹranko alápò. Kò sí ẹyọ kan nínú irú ẹranko bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Òkun pàápàá jìnnà sí wa, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i yóò wọ ọkọ̀ dé Èkó. Síbẹ̀, a ní ẹyẹ kan tí ó ti fi ìyẹ́ ara rẹ̀ ré òkun kọjá, a sì ní ẹranko kan tí ń gbé àpò kiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àpò tirẹ̀ wà, tí ó sì jẹ́ pé oúnjẹ ni ó ń kó sínú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Lékeléke ni ẹyẹ náà. Òkété ni ẹranko náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo lékeléke. Tata, ìrẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké àti irú wọn ni oúnjẹ rẹ̀, màlúù ni ó sì ń bá a dẹ wọ́n. Bí màlúù ti ń jẹko lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa lé kòkòrò jáde kúrò nínú koríko, lékeléke a sì máa ṣà wọ́n jẹ. Èmi kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni kí n pè é tàbí ìmẹ́lẹ́. Bí kò bá rí màlúù, ẹ̀rọ tí ń gé koríko tó o, nítorí pé ìyẹn náà ń lé tata. Ní apá òkè ọya ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pamọ ní ìgbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n a ṣí wá sọ́dọ̀ wa. Àsìkò tí wọ́n ń pamọ yìí, àwọ̀ orí, àyà àti ẹ̀yìn wọn a máa yí padà, a pọ́n díẹ̀ bí ẹni pé a fi osùn pa wọ́n lára, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa tí ń tọrọ èékánná funfun lè má tọrọ mọ́ bí wọ́n bá rí wọn. Nígbà tí ibi ìpẹran wà ní Bódìjà, kò sí ẹni tí ń kọjá níbẹ̀ tí kò mọ lékeléke. Ní ọdún 2018, ìjọba gbé iṣẹ́ ìpẹran náà lọ sí Amósùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Àwọn alápatà ṣàròyé, ọ̀rọ̀ náà sì dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀. Lékeléke kò ṣàròyé fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí màlúù bá wà ni òun náà yóò wà.

Ìrìn àjò rẹ̀ tí ó tóbi jù kọ́ nìyẹn. Láàrin ọdún 1877 sí 1882, wọ́n rí lékeléke fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè Guyana àti Suriname. Ẹnikẹ́ni kò kó o lọ síbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé láti Áfíríkà ni ó ti fò lọ, tí afẹ́fẹ́ sì gbè é lẹ́yìn lórí omi. Ó bá ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣán, tí màlúù ti ń jẹko nínú rẹ̀, ó sì jókòó. Ní ọdún 1941 wọ́n rí i ní Florida. Ní ọdún 1953 ó ti ń pamọ níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 ni ó ti wà ní Australia, ilẹ̀ àwọn alápò gan-an. Ní ọdún 2008 ó pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ń mú ọmọ Yorùbá wọ aṣọ mẹ́ta. Ibi gbogbo tí ó dé ni wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹyẹ tí ó lè ṣe irú èyí kò fẹ́ kí á máa sunkún nítorí rẹ̀.

Òkété kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé onílé ni. Ó lè wọ̀n tó kílò kan tàbí kílò kan àbọ̀. Ìrù rẹ̀ gùn bí ara rẹ̀, ó dúdú níbi ìdí, ó funfun ní ìparí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Bí ó bá jáde lóru, tí ó bá ẹyìn tàbí ẹ̀pà pàdé, kò ní í jókòó síbẹ̀ kí ó jẹ ẹ́ tán bí wọ̀bìà. Yóò kó o sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí ojú rẹ̀ yóò fi wú bí ojú ẹni tí eyín ń dùn, yóò gbé e lọ sílé, yóò tú u sílẹ̀, yóò sì tún padà lọ. Nínú ihò rẹ̀, iyàrá ọ̀tọ̀ ni ti oorun, ọ̀tọ̀ ni ti oúnjẹ tí ó kó pamọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ àwọn ilé kan ní Ìbàdàn yìí, tí a fi owó gọbọi kọ́, tí ètò wọn kò dára tó bẹ́ẹ̀. Nínú èso tí ó sì rì mọ́lẹ̀ káàkiri tí ó gbàgbé, díẹ̀ a máa hù, igbó a sì rí igi tuntun.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni, nítorí ìtàn tí àwọn babaláwo ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ẹran àwọn àjẹ́ ni, nítorí pé òru ni ó ń rìn. Èmi kò ní í bá babaláwo jiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rírìn lóru bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé wa ní Bódìjà náà ti jẹ̀bi. Òwe àwọn àgbà pàápàá kò bú òkété tó bí a ti ń bú u. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ta ni nínú wa tí kò fẹ́ kí ọmọ tọ́jú òun lọ́jọ́ alẹ́? Àwọ̀ ara ni a fi ń ṣe ìdájọ́. A rí funfun, a ní mímọ́ ni. A rí rẹ́súrẹ́sú, a ní ibi ni. Tata tí lékeléke gbé mì kò rí ohun mímọ́ kankan nínú ọ̀ràn náà.

Òkété náà ti ré òkun kọjá rí, ṣùgbọ́n inú àpótí ni ó wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, àwọn oníṣòwò kó nǹkan bí 800 ẹranko kéékèèké láti ilẹ̀ Ghana lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ènìyàn tí ń fẹ́ ẹranko ilẹ̀ òkèèrè ní ilé wọn, òkété sì wà nínú wọn. Àrùn tí à ń pè ní mpox wà lára díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ọlọ́jà kan kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹranko Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ prairie dog. Àrùn ran ìwọ̀nyí, àwọn ènìyàn sì rà wọ́n lọ sílé. Ènìyàn 47 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí àrùn náà mú, ní ìpínlẹ̀ 6. Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò kú. Láti ìgbà náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wọlé láti Áfíríkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò yára wí pé ẹ ò rí i bí òkété ti burú tó. Ṣùgbọ́n ta ni ó kàn án mọ́ inú àpótí? Bí ó bá ti wà nínú ihò rẹ̀ ní Ghana, ọmọ Amẹ́ríkà wo ni ì bá kó àrùn lára rẹ̀? Ọ̀ràn erékùṣù Maria náà ni èyí, ní ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí ènìyàn sì fi sùúrù bá ìran òkété lò, ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde jẹ́ ìyanu. Àjọ kan wà tí ń jẹ́ APOPO, tí Bart Weetjens, ọmọ ilẹ̀ Belgium, dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Morogoro ní ilẹ̀ Tanzania. Wọ́n ń kọ́ òkété apá ibẹ̀, tí ó jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ ti òkété wa, láti máa fi imú wá àdó olóró tí àwọn ológun rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Òkété fúyẹ́ débi pé bí ó bá rìn lórí àdó náà, kì í bú. Bí ó bá gbóòórùn rẹ̀, yóò fi èékánná ha ilẹ̀, ẹni tí ó mú un dání yóò sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Cambodia fún nǹkan bí ọdún 5. Àdó àti ohun ìjà tí ó rí lé ní 100. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n fi ń yin ẹranko tí ó ṣe akin, òun ni ó sì jẹ́ eku àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn mìíràn nínú wọn ń gbóòórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń fi hàn èyí tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹni mélòó ni ó kù lára oní i lónìí nítorí eku kan tí àwa ìbá fi rọ́bẹ̀!

A kò tilẹ̀ ní láti lọ sí Tanzania. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ọ̀kánkán Agbówó níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. S. Àjàyí ṣe ìwádìí lórí bí a ti lè máa sin òkété gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin adìẹ. Òkété gbà, ó bímọ nínú àgò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni oyún rẹ̀, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1974, ó kọ̀wé lórí ọ̀ràn náà sínú ìwé ìròyìn Oryx, kò sì gbàgbé láti mẹ́nu kan àwọn èèwọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ jíjẹ ẹran náà. Ìwúlò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Bí ẹran òkété tí a ń jẹ bá ń ti inú àgò wá, a kò ní í máa tanná ran igbó kí á tó rí i. Ó dùn mí pé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, a ń rí ilé adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ilé òkété ṣọ̀wọ́n. Ó yẹ kí á tún iṣẹ́ náà gbé dìde.

Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ yóò bi mí pé, ẹ̀gẹ́ mi àti ẹ̀pà mi tí ó ń wú jẹ ńkọ́? Ó ní ẹ̀tọ́. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dẹ ẹ̀bìtì sí oko rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ní Ring Road, tí kò ní oko, tí ó sì ń da májèlé sí gbogbo ihò tí ó rí ní ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, òun ni mo ń bá wí. Ìbà Lassa ni yóò fi ṣe àwáwí. Ìbà náà, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ó sì ń pa ènìyàn lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n eku tí a mọ̀ mọ́ gbígbé e kiri ni eku kékeré kan, Mastomys natalensis, tí ó máa ń wọ inú ilé àti àká, tí ń tọ̀ sí oúnjẹ tí a kò bò. Ìdérí ìkòkò àti ilé tí a gbá mọ́ ni yóò lé ìyẹn. Májèlé tí a dà sí ihò òkété nínú ọgbà kò kàn án rárá. Èyí kò sọ pé kí á máa fọwọ́ kó eku igbó bí ẹní kó iṣu. Ẹni tí yóò bá pa á jẹ, kí ó ṣọ́ra, kí ó sì sè é jinná.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó wá kù. Nígbà tí Àjọ Ilé Kíkọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, bẹ̀rẹ̀ Bódìjà, àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ yí ilé ká. Igi wà, ọgbà wà, odò kéékèèké sì ní etí. Lónìí a ti fi kọnkéré bo èyí tí ó pọ̀ nínú àyè wọ̀nyẹn nítorí ọkọ̀, a ti gé ilẹ̀ kan sí mẹ́ta, ibi tí ó ṣẹ́kù a sì gbé ṣọ́ọ̀bù lé e. Bí katapílà bá wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lékeléke yóò kọ́kọ́ wá síbẹ̀ pàápàá, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń tú kòkòrò jáde. Yóò jẹun yó, yóò sì fò lọ sí Mọ́níyà. Òkété wà nísàlẹ̀. Ọ̀sán ni, ó sùn. Oúnjẹ oṣù méjì tí ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rù wálé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè di ihò ní ẹrù kí ó gbé e lọ.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni mo ń tọrọ fún un. IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ti fi igbó tí ó tó 350 hẹ́kítà sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tirẹ̀, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ dẹ́kun iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo ń tọrọ nínú ìgboro kéré sí ìyẹn: etí odò nìkan ni. Odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó sì gbé ènìyàn àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó kọ́lé lé etí odò ni ó kọ́kọ́ rí ìjà omi. A mọ̀ pé kò yẹ kí ilé wà níbẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń kọ́ ọ. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi etí odò sílẹ̀ fún koríko àti igi, kí ó sì jẹ́ kí òfin náà mú olówó bí ó ti ń mú tálákà. Ènìyàn yóò bọ́ lọ́wọ́ omi, òkété yóò sì rí ibi gbẹ́.

Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú lè ràn wá lọ́wọ́. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, níbi tí igbó díẹ̀ bá kù, kí wọ́n má sì mú igi dání. Lékeléke yóò fi ara hàn wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá a. Ti òkété yóò gba pé kí wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá rí ihò tí ẹnu rẹ̀ ń dán nítorí ìwọlé-wọ̀de, tí èèpo ẹyìn tútù sì wà lẹ́bàá rẹ̀, onílé ń bẹ nílé.